Ọmọ Tí Wọ́n Gbé Lé Ẹsẹ̀ Ẹlòmíràn

Ayébòdé,
Ọ̀sán ọjọ́ Ajé.

Yẹ́misí, Àjíkẹ́ mi,

Má wo bí ìwé yìí ṣe gùn tó kí o sọ pé Dádì tún ti bẹ̀rẹ̀. Jókòó kí o kà á. Kọ́kọ́ jẹun ná, torí mo mọ̀ ọ́. Bí iṣẹ́ bá ti wọ̀ ọ́ lára báyìí, o ò ní rántí pé o ní ikùn. Dírẹ́bà kan tó ń bọ̀ wá sí Ìkọ̀lé ni mo fi ìwé yìí rán, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé bí kò bá fi lé ọ lọ́wọ́ fúnra rẹ̀, kó má ṣe jẹ́ kí n rí òun ní gáréèjì mọ́.

Fóònù ni ǹ bá fi bá ọ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé wa. Lánàá tí a jọ ń sọ̀rọ̀, bí mo ṣe la ẹnu báyìí, o ní, "Dádì, ẹ jẹ́ n pè yín padà, wọ́n ń pè mí," ni ó bá já. Mo gbé fóònù dání títí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Màmá ẹ ní ṣé mo ń retí kí fóònù náà bímọ ni.

Kú oríire iṣẹ́ tuntun, ọmọ mi. Ọjọ́ tí o sọ fún wa pé wọ́n ti gbà ọ́ láti máa tọ́jú àwọn ọmọ tí omíyalé lé kúrò nílé, mo dìde lórí àga, mo jó yí pálọ̀ ká. Màmá ẹ ló mú mi jókòó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí o sọ lánàá kí fóònù tó já ló jẹ́ kí n mú bírò. O ní àwọn ọmọ méjì kan wà nílé ìwé tí ẹ kó àwọn ará abà sí, Bùsọ́lá àti àbúrò rẹ̀ Dàmọ́lá, tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa. O ní ẹnikẹ́ni kò tíì wá wọn wá. O ní màdáámù kan láti Ìdó, tó ń kó ìrẹsì àti búrẹ́dì wá fún yín, ti fẹ́ràn Dàmọ́lá, ó sì fẹ́ mú un lọ sílé, ọ̀gá yín sì ti ní kí o fà á lé e lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ẹtì. Dàmọ́lá nìkan ṣoṣo o. Ti Bùsọ́lá, wọ́n ní ó ti dàgbà jù. O wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún mi pé, "Dádì, ilé wọn dára, ọmọ náà á rí bẹ́ẹ̀dì sùn lé."

Àjíkẹ́, mo bẹ̀ ọ́, má fà á lé e lọ́wọ́. Ohun tí mo torí rẹ̀ kọ ìwé yìí nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé o ń sáré, o lè ká a pa síbi yìí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o mọ ìdí rẹ̀.

O mọ̀ pé mo ti ń wakọ̀ kí n tó fẹ́ màmá ẹ. Píkọ́ọ̀pù kan ni mo ń wà nígbà náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, a fi pákó sí i lọ́tùn-ún lósì kí èrò lè jókòó. Èmi ni mo ń kó èrò àti iṣu láti abà wá sí Ayébòdé, bí ọjà bá sì wà, mo máa ń gba Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́, títí lọ dé Ìdó. Lójú àwa dírẹ́bà, ẹni tó bá jókòó lórí pákó ni èrò. Ọmọ tí wọ́n gbé lé ẹsẹ̀ kì í ṣe èrò. Kì í san owó, a kì í sì í wo ojú rẹ̀. Obìnrin tó ru ẹrù lè nawọ́ ọmọ rẹ̀ sí ẹni tí kò rí rí, kí ó ní, "Ẹ bá mi gbé e lé ẹsẹ̀," onítọ̀hún á gbà á, á fún un ní ẹ̀pà jẹ, á sì máa kọrin fún un títí wọ́n á fi sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó dára gan-an ni. Bí a ṣe tọ́ gbogbo yín nìyẹn. Ìwọ alára, àìmọye aṣọ èrò ni o ti tọ̀ sí nínú ọkọ̀ mi.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, òjò rọ̀, ó rọ̀, odò tó wà lọ́nà abà kún àkúnya. Omi wọ ilé. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá kó àwọn èèyàn jáde. Ọ̀sán gangan ni. Mo lọ, mo bọ̀, mo tún lọ. Nígbà tí mo máa lọ gbẹ̀yìn, afárá onípákó tó wà lórí odò náà ti ń mì. Ẹnì kan kígbe láàárín èrò pé, "Ẹ kó àwọn ọmọdé lọ ná! Àwa àgbà á tẹ̀lé yín!" Gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ sọ pé rárá? Èmi gan-an bọ́ sílẹ̀, mo ń pariwo pé, "Ẹ gbé ọmọ wá! Ẹ gbé ọmọ wá!" Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ wọn lé ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tó bá ti ríbi jókòó. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Dúpẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin fún ẹni tó jókòó sípẹ̀kun, ó ní, "Mo ń bọ̀ báyìí," ó sì sáré padà lọ gbé ìyá ọkọ rẹ̀ tí kò lè rìn. Mo wa ọkọ̀ kọjá. Kò pẹ́ tí mo kọjá ni omi gbé afárá lọ.

Ọlọ́run ṣàánú wa, kò sẹ́ni tó kú. Àwọn tó kù gun orí òkè lọ, wọ́n dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀hún ni wọ́n wà, níbí sì ni ọmọ wọn wà.

Nígbà tí mo dé Ayébòdé, àwọn kan sọ̀ kalẹ̀. Àwọn mìíràn ní àwọn ní ẹbí ní Ìkọ̀lé, àwọn kan ní Ọ̀yẹ́, àwọn kan ní Ìdó, wọ́n bẹ̀ mí kí n máa gbé àwọn lọ. Mo gbé wọn. Oníkálukú ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ń kí mi, "Dírẹ́bà, o ṣeun o, ọkọ̀ rẹ ò ní dojú dé!" Orí mi wú. Mo ń wakọ̀ padà, mo ń súfèé. Mi ò bi ẹnikẹ́ni pé ọmọ ta lẹ gbé dání yẹn. Báwo ni ǹ bá ṣe bi í? Kí ọmọkùnrin bíi tèmi wo ojú ìyá àgbàlagbà kó ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ bí ọmọ yìí?" Wọ́n á ní mo pè wọ́n ní olè. Ìtìjú ò jẹ́ kí n la ẹnu.

Nígbà tí omi fà, Ìyá Dúpẹ́ wá bá mi ní gáréèjì. Ó ní, "Dírẹ́bà, ọmọ mi dà?" Mo ní, "Ọmọ wo?"

Yẹ́misí, "ọmọ wo" yẹn ṣì ń dùn mí títí di òní. Obìnrin yẹn dúró, ó ń wò mí bí ẹni pé mi ò gbọ́ Yorùbá mọ́.

Láràárọ̀ ló ń wá. Bó bá ti ń bọ̀, abọ́ tó fi ìdérí bò ló máa ń gbé dání, iṣu sísun àti epo pupa ló wà nínú rẹ̀. Ó ní ebi á ti máa pa ọmọ òun níbi tó bá wà. Gbogbo ọkọ̀ tó bá wọlé, ó ń yọjú wo inú rẹ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á ṣí abọ́ náà, á pín iṣu náà fún àwa dírẹ́bà àti àwọn alágbàrù. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó rántí bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ti jẹun.

Nígbà tí mi ò lè gbà á mọ́ra mọ́, mo ní kí ó wọlé síwájú ọkọ̀, ká jọ lọ. A yọjú sí gáréèjì Ìkọ̀lé, a wọ Ọ̀yẹ́, a dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, a dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ìdó la ti wá gbọ́ pé ọmọ kan tó bá omíyalé wá wà lọ́dọ̀ obìnrin télọ̀ kan. A débẹ̀. Mo fẹ́ kí o gbọ́ èyí dáadáa, ọmọ mi: èèyàn gidi ni télọ̀ yẹn. Ó rán aṣọ fún ọmọ náà, ó gẹ irun rẹ̀, ara ọmọ ń dán. Ó ní ẹni tó gbé ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ mi ló fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun, òun retí kí ẹnì kan wá, ẹnikẹ́ni kò wá, ni òun bá sọ ọ́ ní orúkọ mìíràn. Lójoojúmọ́ tí ọmọ bá béèrè ìyá rẹ̀, á sọ fún un pé, "Màmá ẹ ń bọ̀ lọ́la." Ó ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ títí ọmọ fi dákẹ́ pátápátá, kò béèrè mọ́.

Ìyá Dúpẹ́ nawọ́, ó ní, "Dúpẹ́! Dúpẹ́ mi!" Ọmọ náà sá sẹ́yìn télọ̀, ó di ìró rẹ̀ mú. Ìyá Dúpẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Télọ̀ náà bú sẹ́kún, ó ń wí pé, "Màmá, mi ò jí i gbé o." Èmi tí mo ń pe ara mi ní ọkùnrin, mo kọjú sí ògiri, mo sunkún.

Jẹ́ kí n dá ìtàn náà dúró síbẹ̀ ná. Ohun tó gbé wá sọ́kàn mi ni mo fẹ́ sọ. Mi ò ní tò ó bíi ti ilé ìwé, bó bá ṣe ń wá sí mi lẹ́nu ni màá ṣe kọ ọ́.

Bí ẹ bá tún fẹ́ kó àwọn èèyàn láti ibì kan lọ síbòmíràn, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pariwo pé kí ẹ kó ọmọdé lọ ná. Ó máa ń dùn létí. Ọmọ àti ẹni tó ni ín ni kí ẹ jọ kó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ máa há. Bí kò bá sì sí bí ẹ ṣe lè ṣe é, bi ẹni tí ọmọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, kí o bi í níbi tó ń lọ, kí o tó jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra.

Èkejì, mo mọ̀ pé èmi ni mo fà á. Èmi ni mo kọ́ ọ pé bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, kí o wo ilẹ̀. Ó dára nílé mi, ó dára ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n níbi tí o wà yẹn, bí àgbà kan bá wá sọ pé òun ni bàbá àgbà ọmọ, tàbí àǹtí rẹ̀, kúnlẹ̀ dáadáa, jẹ́ kí orúnkún rẹ kan ilẹ̀, kí o wá bi í: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo lẹ ṣe jẹ́ sí i? Ta ló mọ̀ yín mọ ọmọ yìí?" Bó bá bínú, bẹ̀ ẹ́. Bó bá ti dákẹ́, tún bi í. Má sì jẹ́ kí ẹni tó ń fi oríkì ké sí ọmọ rí ọ mú. Bí mo bá dúró láàárín ọjà Ìkọ̀lé tí mo pariwo "Àjíkẹ́", àwọn tó máa wẹ̀yìn á lè kún ọkọ̀ mi.

Ọmọ náà ńkọ́? Bi ọmọ náà o. Má bi í níṣojú èrò. Mú un sí ẹ̀gbẹ́ kan tí gbogbo ayé ti lè rí yín ṣùgbọ́n tí wọn ò lè gbọ́ yín, lóṣòó kí ojú rẹ bá tirẹ̀ dọ́gba. Má bi í pé, "Ṣé màmá ẹ nìyí?" A ti kọ́ àwọn ọmọ wa láti máa sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni sà" fún gbogbo àgbà, á sọ fún ọ pé bẹ́ẹ̀ ni kódà bó bá jẹ́ òpó iná lo nawọ́ sí. Ohun tí wàá bi í ni, "Ta nìyí?" Kí o sì dákẹ́, kí o fún un láyè. Lánàá, o sọ nípa ilé màdáámù fún mi, o sọ nípa bẹ́ẹ̀dì, o sọ ohun tí ọ̀gá yín wí. O ò sọ gbólóhùn kan ṣoṣo tó ti ẹnu Bùsọ́lá jáde. Ọmọ tó tọ́jú àbúrò rẹ̀ láti abà dé Ìkọ̀lé, ṣé kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu ni?

Má parọ́ fún wọn. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ la fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n má sọ "ọ̀la" fún ọmọ bí o ò bá mọ ọ̀la. Sọ fún un pé, "A ń wá màmá ẹ. Mi ò tíì mọ ọjọ́ tí a máa rí i. Ṣùgbọ́n èmi wà níbí, o sì máa jẹun lálẹ́ òní." Ọmọ lè gbé èyí. Èyí tí kò lè gbé ni kó máa wo ojú ọ̀nà lójoojúmọ́ lórí irọ́.

Orí mi tún máa ń gbóná sí àwọn tó ń to ọmọ sórí ìlà, tí wọ́n ń fi búrẹ́dì lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n lè ya fọ́tò. Ẹ̀yin ará mi, ṣé búrẹ́dì ò ṣe é jẹ láìya fọ́tò ni? Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò, kí ó ya àpò ìrẹsì rẹ̀. Ìwọ ni kí o sọ fún wọn, kí o rẹ́rìn-ín sọ ọ́, ṣùgbọ́n sọ ọ́.

Èyí tó kàn, màmá ẹ ní kí n kọ ọ́ kó hàn ketekete. Má jẹ́ kí ọmọbìnrin nìkan lọ pọnmi, má jẹ́ kó dá lọ sí ilé ìgbẹ́. Kí wọ́n máa lọ pọ̀, kí àgbà obìnrin kan máa tẹ̀lé wọn. Bí o bá rí ọkùnrin kan, ì báà jẹ́ olùkọ́, ì báà jẹ́ ẹni tó gbé Bíbélì há abíyá, tó ń pe ọmọ kan ṣoṣo sọ́tọ̀ láti fún un ní bisikíìtì, má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lọ dúró láàárín wọn. Sọ fún ọ̀gá yín. Bí ọ̀gá yín bá ní kí o dákẹ́, sọ fún ẹni tó ju ọ̀gá yín lọ. Bí gbogbo wọn bá di etí, pè mí, màá wá.

Jẹ́ kí wọ́n ṣeré pẹ̀lú. Bí ilé bá wó, bí ìyá bá sọ nù, ọmọ ṣì fẹ́ fo okùn, ó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Má rò pé wọ́n ti gbàgbé. Ibi eré yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ti máa já bọ́ lẹ́nu wọn.

Ní ti màdáámù náà, má bá a jà. Mi ò sọ pé èèyàn burúkú ni. Télọ̀ Ìdó kì í ṣe èèyàn burúkú, síbẹ̀ ó kù díẹ̀ kí ọmọ ọlọ́mọ gbàgbé ìyá rẹ̀. Dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sọ fún un pé bó bá fẹ́ràn Dàmọ́lá tọkàntọkàn, kí ó gbé bẹ́ẹ̀dì náà wá sílé ìwé, kó sì tóbi tó èyí tí Bùsọ́lá náà lè sùn lé. Bí a bá wá ẹbí wọn títí tí a ò rí wọn, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọmọ wà, kí wọ́n wá yẹ ilé rẹ̀ wò, kí àwọn méjèèjì sì jọ lọ. Ẹni tó bá mú ọ̀kan tó fi ọ̀kan sílẹ̀ ti tún omíyalé mìíràn dá sílẹ̀ fún wọn.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ọ̀gá yín ń bà ọ́. Iṣẹ́ tuntun ni, o ò fẹ́ kí wọ́n ní o lágídí. Sọ fún wọn pé bàbá rẹ ló ní kí o má ṣe é; jẹ́ kí wọ́n máa bú mi. Bí wọ́n bá lé ọ, wá sílé, yàrá rẹ ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Bí ẹkún bá sì gbọ̀n ọ́ lọ́jọ́ kan, sun ún. Mo sun tèmi ní Ìdó, kò sì pa mí.

Ẹ̀hẹ́n, Ìdó. Ìyá Dúpẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ìró ẹlòmíràn. Kò pariwo mọ́. Ó ṣí abọ́ rẹ̀, ó bu iṣu, ó fi run epo, ó wá ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Iṣu ti tutù láti òwúrọ̀, Yẹ́misí, ó sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ọmọ náà yọ ojú. Ó ń wò ó. Ó rìn wá díẹ̀díẹ̀, ó la ẹnu, ìyá rẹ̀ fi sí i lẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ tán, ó wá sọ jẹ́jẹ́ pé, "Uṣu màmá mi ni." Lẹ́yìn náà ló tó gun ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀.

Nítorí náà, ní Ọjọ́bọ̀, màá wà nílé ìwé yẹn kí ẹ tó jẹun àárọ̀. Mo ti sọ fún àwọn tó fẹ́ kí n kó iṣu àwọn lọ sọ́jà pé ọkọ̀ mi ò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Kí ó tó di ìgbà yẹn, jókòó ti Bùsọ́lá, kí o bi í pé ẹsẹ̀ ta ni wọ́n gbé wọn lé, àti pé kí ni ìyá wọn sọ kẹ́yìn. Àwa mẹ́rin la jọ máa lọ, gáréèjì dé gáréèjì, Òkè-Àkọ, Ọ̀yẹ́, Ìdó, ibikíbi tí ọkọ̀ ń gbé dúró. Mi ò ní bi ẹnikẹ́ni pé "ọmọ wo" lọ́tẹ̀ yìí. Mo mọ̀ dájú pé obìnrin kan wà níbì kan tó ń yọjú wo inú gbogbo ọkọ̀ tó bá wọlé.

Màmá ẹ ti ń ṣa iṣu sílẹ̀ tó fẹ́ sun ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Mo bi í pé ṣé fún àwọn ọmọ náà ni. Ó ní tiwọn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó tóbi jù, ìyá wọn ló ni ín, torí kò ní tíì jẹun.

Èmi bàbá rẹ tó ń bọ̀ lọ́nà,
Dádì.